Afárá Diane: Bí Ilé Chenonceau Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Rà Á

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún 1559, Henri Kejì, ọba ilẹ̀ Faransé, gun ẹṣin jáde sí òpópónà Saint-Antoine ní Paris. Àríyá ìgbéyàwó ló wà nílẹ̀: wọ́n fi ọmọ rẹ̀ Élisabeth fún ọba Sípéènì, wọ́n sì ń fi àbúrò rẹ̀ obìnrin fún olóyè ilẹ̀ Savoy. Eré tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń ṣe láyé ìgbà náà ni pé kí ọkùnrin méjì wọ ẹ̀wù irin, kí wọ́n ki ọ̀kọ̀ gbọọrọ mọ́ abẹ́ apá, kí wọ́n sì tú ẹṣin sáré kọlu ara wọn. Àwọ̀ dúdú àti funfun ni ọba fi ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó ń wòran tí kò mọ ẹni tó ni àwọ̀ ọ̀hún. Kì í ṣe Olorì Catherine. Diane de Poitiers ló ni ín, opó tó ti ń wọ dúdú àti funfun láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní 1531, tó sì ti jẹ́ àlè ọba fún bí ogún ọdún.

Ọ̀kọ̀ Montgomery, ẹni tó ń bá ọba figagbága, ṣẹ́ mọ́ ọba lára, èérún igi wọlé sí i lójú. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi jẹ̀rora kó tó kú ní ọjọ́ 10 oṣù Keje. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá náà, Diane kò fojú kan án. Olorì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Diane pé kó dá ọ̀ṣọ́ iyebíye adé padà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n to orúkọ wọn sí.

Ọ̀ṣọ́ rọrùn láti dá padà. Ilé ni ìjà kù lé lórí. Ilé náà ni Chenonceau, lórí odò Cher, ní àgbègbè Touraine. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò a máa ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní ilé tó rẹwà ni, wọ́n á sì kọjá. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ ọdún 1559 yìí, nítorí ìwé ilé wà lọ́wọ́ Diane. Ó rà á ní gbàǹjo, ó sanwó. Síbẹ̀ ilé náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ká tó mọ bó ṣe bọ́, a gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìdílé Marques ló kọ́kọ́ ni ibẹ̀. Ní 1412 wọ́n dáná sun ilé wọn, nítorí pé Jean Marques ṣọ̀tẹ̀ sí ọba. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún wọ́n tún ilé olódi kọ́ sí etí odò, wọ́n sì kọ́ ilé ìlọkà tí omi ń yí sínú odò gan-an. Gbèsè ló jẹ ìdílé náà run níkẹyìn. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ní 1513 ni Thomas Bohier, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó àpò owó ọba. Ó wó gbogbo ilé olódi náà, ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo ló dá sí, ó ṣì wà níwájú ọgbà títí dòní, wọ́n ṣì ń pè é ní ilé ìṣọ́ Marques. Orí òpó òkúta tó gbé ilé ìlọkà dúró nínú omi ló wá kọ́ ilé tuntun tirẹ̀ lé.

Ọkùnrin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Ogun Ítálì ló ń bá ọba kiri. Ìyàwó rẹ̀, Katherine Briçonnet, ló dúró ti àwọn bíríkìlà láti 1515 títí iṣẹ́ fi parí ní 1521, ọ̀pọ̀ ohun tí a sì ń rí nínú ilé náà lónìí, ọwọ́ obìnrin yìí ló wà níbẹ̀. Ẹ wo àtẹ̀gùn rẹ̀. Nílẹ̀ Faransé ìgbà náà, àtẹ̀gùn ilé ńlá a máa yí bí ìkarahun ìgbín ni. Ti Chenonceau lọ tààrà, ó ṣẹ́rí padà, ó tún lọ tààrà, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà. Ẹ wo ilé ìdáná náà: inú òpó tó wà nínú omi ló wà, ààrò búrẹ́dì níbẹ̀, ìkọ́ irin tí wọ́n ń fi ẹran kọ́ níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì lè gbé ẹrù oúnjẹ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti gbé oúnjẹ rí, tó mọ ìnira kí a máa ru igi àti omi kiri inú ilé ńlá, ló ń ronú báyìí.

Thomas kú sí Ítálì ní 1524. Katherine tẹ̀ lé e ní 1526. Nígbà tí àwọn oníṣirò ọba wá ṣí ìwé owó Thomas, wọ́n rí gbèsè rẹpẹtẹ, ọmọ rẹ̀ Antoine ni wọ́n sì dì mú. Ní 1535, Antoine fi Chenonceau sílẹ̀ fún Ọba François Kìíní dípò gbèsè bàbá rẹ̀. Báyìí ni ilé aládàáni ṣe di dúkìá adé. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni gbogbo wàhálà tó kù dúró lé.

Ọdún 1547 ni François kú, ọmọ rẹ̀ Henri sì jọba. Kò tí ì pẹ́ lórí oyè tó fi ta Diane lọ́rẹ Chenonceau. Ìwé ọrẹ náà kò sọ pé torí ìfẹ́ ni. Ó ní torí iṣẹ́ rere tí olóògbé ọkọ Diane, Louis de Brézé, ṣe fún adé ni. Ọkùnrin náà ti kú fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Kí a má fi ojú ẹlẹ́yà wo Diane nítorí èyí. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Ó fi bí ogún ọdún ju ọba lọ, ó mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ, ó sì mọ òfin. Òfin ilẹ̀ Faransé kà á sí pé ohun tó jẹ́ ti ìtẹ́ kì í ṣe ti ẹni tó jókòó lórí ìtẹ́. Ọba lè jẹ nínú rẹ̀, kò lè fi í tọrẹ títí ayé. Bí ọba bá ṣípò padà, ọba tuntun lè ní, "Ẹ dá ohun adé padà." Ọrẹ Henri kò lè ju ẹ̀mí Henri lọ. Diane sì fẹ́ èyí tó máa ju ẹ̀mí ẹnikẹ́ni lọ. Tẹni n'tẹni, àkísà ni ti ààtàn.

Ohun tó ṣe ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu títí di òní. Kò gbé ẹ̀bẹ̀ tọ ọba lọ pé kó kọ ìwé ọrẹ mìíràn. Ó padà sí gbòǹgbò. Àwọn agbẹjọ́rò gbé ẹjọ́ dìde pé nígbà tí Antoine Bohier fi ilé san gbèsè ní 1535, owó tí wọ́n dá lé ilé náà pọ̀ ju ohun tí ilé tó lọ, nítorí náà, sísan náà kò fìdí múlẹ̀. Bí sísan kò bá fìdí múlẹ̀, a jẹ́ pé adé kò fìgbà kan ni ilé náà rí. Ilé padà di ti Antoine, gbèsè náà sì padà sí Antoine lọ́rùn. Bí kò sì ti rí owó san, wọ́n gba ilé, wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Ta ló rà á? Diane de Poitiers, ní 1555, ní 50,000 livres, owó ilẹ̀ Faransé ìgbà náà.

Ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín ìwé ọrẹ àti gbàǹjo. Láti ìgbà náà lọ, Diane kò dúró lórí àánú ọba mọ́. Ó di ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ onígbèsè ní gbangba. Bí mo ṣe rí i, iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò yìí mọ́ lójú ju bó ṣe rí nínú lọ, nítorí Antoine ni wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ. Ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún dá a padà fún un kìkì kí wọ́n lè rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwà tí Catherine hù sí Diane, ẹ jẹ́ ká rántí Antoine.

Bí ilé ti wá di tirẹ̀, Diane múṣẹ́ ṣe. Kò kàn fi ilé náà ṣe àpèwò; ó mọ iye tí oko ń mú wọlé, ó sì ń béèrè ìṣirò. Ó ti gbé ọgbà ńlá kan kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó lé ní 12,000 mítà níbùú lóròó, wọ́n sì kó erùpẹ̀ jọ ga sókè, wọ́n fi òkúta gbá a mọ́ra kí omi Cher má bàa gbé e lọ nígbà tó bá kún. Lẹ́yìn náà ló pe Philibert de l'Orme, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ nígbà náà, pé kó na afárá láti ẹ̀yìn ilé dé òdì kejì odò. Láti 1556 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ro bí iṣẹ́ náà ṣe rí: òpó òkúta nínú omi tó ń ṣàn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ilé tó dá dúró láàárín odò fi di ohun tí a lè gbà kọjá sódì kejì. Ọdún 1559 ni afárá náà dúró. Ọdún yẹn náà ni ọ̀kọ̀ Montgomery ṣẹ́.

Catherine de' Medici kì í ṣe àjèjì sí Diane o. Ìbátan ni wọ́n, ní ìhà ìyá Catherine. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Catherine nígbà tó wá láti Florence fẹ́ Henri ní 1533. Ọdún mẹ́wàá ló lò láìbímọ, tí àwọn ará ààfin ń sọ pé kí wọ́n lé e padà sílé. Diane wà lára àwọn tó ń rọ Henri pé kó máa lọ sọ́dọ̀ aya rẹ̀, òun ló tọ́jú olorì nígbà àìsàn, òun ló sì ń bójú tó ìtọ́jú àwọn ọmọ ọba nígbà tí wọ́n dé. Ọmọ mẹ́wàá ni Catherine bí níkẹyìn. Ọ̀nà méjì la lè gbà wo oore báwọ̀nyí, mo sì rò pé Catherine wò ó ní ọ̀nà tó dunni jù: pé àlè ọkọ òun ló ń fún òun láyè lọ́dọ̀ ọkọ òun. Àmì kan wà lára ògiri Chenonceau tó sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà H, ti Henri, hun mọ́ lẹ́tà C méjì, ti Catherine. Ṣùgbọ́n bí C méjì náà bá ti fẹ̀yìn kan igi H, ohun tí ojú ń rí ni D. Nínú yàrá Diane, orí ibi ìdáná yíyá gan-an ni àmì náà wà.

Ọkọ kú, ọmọ rẹ̀ François Kejì, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gorí oyè. Agbára dé ọwọ́ ìyá. Catherine ní òun fẹ́ Chenonceau.

Kò lè sọ pé ilé adé ni. Gbàǹjo ti pa ẹnu ìyẹn dé. Kò sì rán ọmọ ogun. Ó ní kí Diane gba Chaumont, ilé olódi kan lórí odò Loire tó jẹ́ ti Catherine fúnra rẹ̀, kí ó sì fi Chenonceau sílẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni lórí ìwé. Bí a bá fi owó wò ó, Diane kò pàdánù, nítorí owó tí Chaumont ń mú wọlé ju ti Chenonceau lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé òun kò gbà? Ẹni tó fẹ́ gba ohun tí ẹni tó ni ín kò tà ni ìyá ọba, ẹni tó sì máa ń gbèjà rẹ̀ wà nínú ibojì ní Saint-Denis. Òfin tí Diane mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó lè ṣe ni kó rí i pé kì í ṣe òfo ni wọ́n fi lé òun jáde. Ohun tó sì rí gbà gan-an nìyẹn.

Kò gbé Chaumont títí. Ó ṣe iṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, D rẹ̀ méjì àti ìwo ọdẹ, ọrun àti apó ọfà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri níta. Ó padà sí Anet, ilé ọkọ rẹ̀, níbẹ̀ ló kú sí ní 1566. Àwọn onímọ̀ yẹ egungun rẹ̀ wò ní ayé tiwa yìí, wọ́n sì rí wúrà tó pọ̀ nínú irun rẹ̀. Wúrà mímu ni, oògùn tí wọ́n gbà gbọ́ pé kì í jẹ́ kí ènìyàn darúgbó.

Catherine kò ba iṣẹ́ Diane jẹ́. Ó gbé ọgbà tirẹ̀ kalẹ̀ sí apá kejì, ó kéré sí ti Diane. Ní 1560 ó ṣe àríyá fún ọmọ rẹ̀ François Kejì àti ìyàwó ọmọ náà, Mary Stuart, wọ́n yìn iná aláràbarà sójú ọ̀run, tí ọ̀pọ̀ ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Faransé. Lára ògiri ilé ìsìn kékeré inú ilé náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ ará Scotland kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì: ìbínú ènìyàn kì í ṣiṣẹ́ òdodo Ọlọ́run. Láti 1570 sí 1576, Catherine kọ́ gbọ̀ngàn alájà méjì lé orí afárá Diane. Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ gùn ní 60 mítà, ó fẹ̀ ní 6, fèrèsé 18 ló ní. Òkúta funfun bí ẹfun àti òkúta dúdú ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, títí dé ìpẹ̀kun. Dúdú àti funfun. Bóyá Catherine rò ó tàbí kò rò ó, ojú mi kì í lè ṣàìrí i.

Ó kú ní oṣù Kìíní 1589, ó fi ilé náà sílẹ̀ fún Louise de Lorraine, ìyàwó ọmọ rẹ̀ Henri Kẹta. Ó tún fi gbèsè sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Jacques Clément, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, gún Henri Kẹta pa. Chenonceau ni Louise wà nígbà tí ìròyìn dé. Funfun ni aṣọ ọ̀fọ̀ àwọn olorì ilẹ̀ náà, funfun ló sì wọ̀ títí ó fi kú ní 1601. Ó ní kí wọ́n kun yàrá rẹ̀ ní dúdú, kí wọ́n sì ya omijé sí i ní àwọ̀ fàdákà pẹ̀lú ṣọ́bìrì àwọn agbẹ́lẹ̀ òkú. Àwọn tó yá Catherine lówó kò jẹ́ kó sunkún tán. Wọ́n ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n ta ilé. Gabrielle d'Estrées, àlè Henri Kẹrin, ló ra gbèsè náà, ilé sì gba ọ̀nà ìyẹn dé ọwọ́ César ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fi ọmọ ẹbí Louise fẹ́ sọ́nà fún. Àlè ọba mìíràn, gbèsè mìíràn. Ó dà bí ẹni pé Diane ló kọ́ wọn.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn olóyè tó ni ín lẹ́yìn ìyẹn; wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé ibẹ̀. Ní 1733, Claude Dupin rà á, ìyàwó rẹ̀ Louise Dupin sì sọ ọ́ di ilé àwọn ọ̀mọ̀wé. Jean-Jacques Rousseau, gbajúgbajà òǹkọ̀wé, ló ń bá a kọ̀wé. Nígbà tí Ìyípadà Ńlá ilẹ̀ Faransé dé ní 1789, tí wọ́n ń wó ilé àwọn ọlọ́lá, Louise kó igi ìdáná kún inú ilé ìsìn kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni. Àwọn tó fẹ́ ba ilé jẹ́ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò rí èsì fún: láàárín ìlú Montrichard sí ìlú Bléré, kò sí afárá mìíràn. Bí ẹ bá wó Chenonceau, ibo lẹ fẹ́ gbà sọdá? Wọ́n fi í sílẹ̀. Louise kú síbẹ̀ ní 1799, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Marguerite Pelouze ra á ní 1864, ó ná gbogbo owó rẹ̀ lé e, gbèsè sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1888. Ẹni tó rà á ní 1891 ni José-Emilio Terry, ará Kúbà. Orúkọ yìí kò yẹ kí àwa Yorùbá kà kọjá kíákíá. Bàbá rẹ̀, Tomás Terry, ló di ọlọ́rọ̀ ní Cienfuegos nídìí ṣúgà àti òwò ẹrú. Kúbà ìgbà náà kún fún àwọn ènìyàn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí, nínú oko ìrèké títí di 1886 tí oko ẹrú dópin níbẹ̀. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni owó ṣúgà Kúbà ra ilé orí odò Cher. Ìwé tí wọ́n fún àwọn àlejò a máa sọ ti àwọn olorì, kì í sábà sọ ti àwọn tó gé ìrèké.

Láti 1913 ló ti wà lọ́wọ́ ìdílé Menier, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sọ gbọ̀ngàn Catherine di ilé ìwòsàn, wọ́n to bẹ́ẹ̀dì sí abẹ́ àwọn fèrèsé tó wo odò. Ọmọ ogun 2,254 tó fara gbọgbẹ́ ló gba ibẹ̀ kọjá, Simone Menier sì ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn náà ni 1940 dé. Àwọn Jámánì pín ilẹ̀ Faransé sí méjì, odò Cher sì wà lára ààlà. Ẹnu ọ̀nà ńlá Chenonceau bọ́ sí apá tí Jámánì gbà. Ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà ní òpin gbọ̀ngàn bọ́ sí òdì kejì, níbi tí ọwọ́ wọn kò tí ì dé. Títí di oṣù Kọkànlá 1942, àwọn tí wọ́n ń wá a gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, wọ́n rin 60 mítà lórí òkúta dúdú àti funfun náà, omi Cher ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn lórí òpó tí Diane ní kí wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n sì jáde sí inú igbó ní ìhà gúúsù.